Jíìpù Tó Ń Bẹ̀rù Kòtò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí títì àdúgbò kan ṣe bàjẹ́ tó, kó má wulẹ̀ da káńsẹ́lọ̀ láàmú. Kó dúró sẹ́nu géètì ní aago méje àárọ̀, kó máa wo ọkọ̀ tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Níbi tí títì bá ti dán, Corolla á pọ̀ níbẹ̀. Níbi tí kòtò bá ti gba títì mọ́ ìjọba lọ́wọ́, jíìpù ló máa rí: RAV4, CR-V, Highlander, Lexus RX. Ní tiwa ní Ìsọlọ̀ níbí, bí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, kó o tó rí Corolla kan tó jáde, wàá ti ka jíìpù mẹ́wàá, ẹni tó ni Corolla ọ̀hún á sì ti ká ṣòkòtò dé orúnkún.

Kò sóhun tó yani lẹ́nu ńbẹ̀. Nígbà tí omi ẹ̀rọ ò yọ mọ́, kálukú gbẹ́ bọhóòlù sẹ́yìnkùlé, a di ilé-iṣẹ́ omi. Iná ò dúró, a ra jẹnẹrétọ̀, àwọn tọ́wọ́ wọn tẹ́nu sì fi sólà lé e, a di NEPA. Olè ń dà wá láàmú, a ri géètì mọ́ ẹnu àdúgbò, a gba mègáádì, a di ọlọ́pàá. Títì nìkan ló kù, òun ló sì le jù, torí kò sí onílé tó lè dá ọ̀dà yí kó fi tẹ́ títì dé Òṣòdì. La bá ta ọgbọ́n sí i: bí títì ò bá ṣeé tún ṣe, ẹ jẹ́ ká gbéra kúrò nílẹ̀. Jíìpù táwọn ará Èkó ń tò sẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ má pè é ní fàájì mọ́. Iṣẹ́ òde ni kálukú ń dá ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wọn iṣẹ́ òde náà wò. Abẹ́ Corolla ga kúrò nílẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnlá. Ti Highlander ọdún 2008 tó nǹkan bí ogún. Ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì ò gùn tó ìka tá a fi ń tọ́ka. Ìka kan yẹn là ń ta ilẹ̀ Ìkòròdú rà. A ń pè é ní jíìpù, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ṣe. Toyota gbé RAV4 jáde lọ́dún 1994. Highlander tẹ̀lé e nígbà tí ọ̀rúndún yìí ń bẹ̀rẹ̀, orí ìdí Camry ni wọ́n sì kọ́ ọ lé. Camry tó wọ bàtà gogoro ni. Àwọn ìyá ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń kó ọmọ lọ gbá bọ́ọ̀lù ló wà lọ́kàn wọn, ọ̀pọ̀ nínú èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ló sì jẹ́ pé táyà iwájú méjì péré ló ń fà á.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ náà wá. Ó ní, "Daddy Tómi, gbogbo àdúgbò ti ga tán, àwa nìkan la ṣì wà nílẹ̀." Mo ní ó dára, a ó mú mẹ́káníìkì mi dání, a ó lọ wò ó.

Ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Òṣòdì lọ sí Àpápá ni gbogbo ayé ọkọ̀ tòkunbọ̀ wà. Ní apá Bẹ́gà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tà á tòun ti ìmọ́lẹ̀ lára. Bó bá pẹ́ díẹ̀, wàá tún bá a pàdé ní Ládípọ̀, níbi tí wọ́n ti ń tà á ní ẹyọ ẹyọ: ilẹ̀kùn lọ́tọ̀, iná lọ́tọ̀, ẹ́ńjìnnì lórí páálí. Bọ́sítọ́ọ̀bù tó wà nítòsí Ládípọ̀ ńkọ́? Toyota lorúkọ rẹ̀. Kọ́ńdọ́ á máa ké e lójoojúmọ́, "Tòyótà wọlé o!", èèyàn á sì bọ́ sílẹ̀ nínú dánfó Volkswagen. Èkó lẹ rí yẹn.

Ọmọkùnrin tó fẹ́ ta Highlander kan fún wa kí wa dáadáa. Èmi ni "Ẹ̀gbọ́n," ìyàwó mi ni "Mummy wa." Ọkọ̀ náà dúdú, wọ́n ti fi nǹkan pa táyà rẹ̀ títí tó fi ń dán ju bàtà mi lọ. "First body ni o, Ẹ̀gbọ́n. Ìyá àgbà kan ló ń lò ó ní Maryland. Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń gbé e lọ." Maryland ti Amẹ́ríkà ló ń wí, kì í ṣe ti Ìkẹjà. Mo bẹjú wo iye máìlì tó ti rìn: 187,000. Ìyá yẹn fẹ́ràn Ọlọ́run gidi.

Iye tó kọ́kọ́ pè jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún àtààbọ̀. Ó ní torí pé mo jọ èèyàn dáadáa ni. Mo ní mo fẹ́ wà á wò. Ó ní kò sí wàhálà, ó fò sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi, ó tan AC, ó sì gbé orin sókè tó bẹ́ẹ̀ tí fèrèsé ń gbọ̀n. Iná epo ti pọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa ju nǹkan sí i." Mo ra epo ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà sínú ọkọ̀ tí kì í ṣe tèmi, a sì gbéra. A ò tíì rìn jìnnà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ fi dá wa dúró, inú ọmọkùnrin náà sì dùn sí i, torí kò sí mọ́tò tó lè fi àléébù hàn lórí ìdúró. AC ń tutù, ìyàwó mi ti rọ orí rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń wo àwọn tó wà nínú Corolla láti òkè.

Nígbà tí ọ̀nà là, mo yà sí títì inú kan. Kòtò kan wà níwájú, ọmọ bíbí Ìsọlọ̀, omi dúdú kún un dé ẹnu, ẹnìkan ti fi ẹ̀ka igi sí i láàárín kí onímọ́tò lè mọ̀ pé ó jìn. Mo ní, kò burú, tìtorí èyí la ṣe wá. Mo dojú jíìpù kọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má kó o sínú kòtò!"

"Ṣebí o ní jíìpù ni?"

"Jíìpù ni, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sanwó."

Mo dúró. Ó nu òógùn ojú rẹ̀ nínú AC. Ó ní bí mo bá ti sanwó tán, mo lè gbé e wọ ọ̀sà. Mo na ọwọ́, mo pa orin. Ìgbà yẹn ni ohùn kan jáde lábẹ́ wa, kọ̀-kọ̀-kọ̀, bí a ṣe ń gun bọ́ọ̀ǹpù kékeré kan. Mẹ́káníìkì mi, tó ti ń dákẹ́ lẹ́yìn, ní búúṣì ti lọ, ṣọ́ọ̀kì sì fẹ́ tẹ̀lé e. Ọmọkùnrin náà ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Owó kékeré ni, Ládípọ̀ ò jìnnà."

Ẹ ṣọ́ra fún mẹ́káníìkì náà o. Tèmi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn lọ́jọ́ náà, mo rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú wọn ló ń gba tiwọn lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, tí wọ́n tún ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń rà. Ẹ fúnra yín ṣí kọ́kọ́rọ́ kẹ́ ẹ má tíì sítáàtì: gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ tàn ná, títí kan iná ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tó kú lẹ́yìn sítáàtì. Èyí tí kò bá tàn rárá, wọ́n lè ti yọ gílóòbù rẹ̀ ni, kẹ́ ẹ má bàa mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn.

Ẹ tún fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátápátá, kẹ́ ẹ wo ìdí rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ìlà ẹrẹ̀ níbẹ̀, tàbí tí bọ́ọ̀tì ìjókòó dógùn-ún, ẹ kí ọmọkùnrin náà, kẹ́ ẹ máa lọ. Nígbà tí ìjì Harvey da omi bo ìlú Houston l'Amẹ́ríkà ní oṣù Ògún ọdún 2017, wọ́n fojú bù ú pé ọkọ̀ bí ìdajì mílíọ̀nù ló mu omi. Iléeṣẹ́ adójútòfò san owó onímọ́tò, wọ́n gbé ọkọ̀ sí gbàǹjo, irú wọn sì máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ wá rò ó wò: àgbàrá Ìsọlọ̀ lèèyàn ń sá fún tó fi ta ilẹ̀, ó wá lọ ra mọ́tò tó ti kú sómi lẹ́ẹ̀kan rí. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, àmì mẹ́tàdínlógún, ló máa ń jẹ́wọ́. Bó bá fi 1, 4 tàbí 5 bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. 2 ni Kánádà. J ni Japan. Tẹ̀ ẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, san owó díẹ̀, wàá rí bóyá ó ti rì tàbí ó ti gbókìtì. Nígbà tí mo ní kí n ya fọ́tò ti Highlander wa, ọmọkùnrin náà rántí pé ẹlòmíì ti ń bọ̀ wá sanwó.

Ìjọba náà jẹ tirẹ̀ nínú gíga yìí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé, pé etíkun nìkan ni kó máa gbà kí owó ibodè má baà sọnù sí Kùtọnu. Lọ́dún 2022, wọ́n ní kí tòkunbọ̀ máa san owó ibodè ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì fi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé e láti fi ran àwọn tó ń to mọ́tò nílé lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé ìjọba tí kò dí kòtò ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń sá fún kòtò. Bí kòtò bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àpò ń wú sí i. Ta ni yóò fẹ́ dí irú kòtò bẹ́ẹ̀?

Ká tilẹ̀ ní o rà á tán. Ojò Highlander yẹn ń gba epo tó lé ní àádọ́rin lítà. Kó tó di pé wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo lọ́jọ́ 29 oṣù Ẹ̀bìbì ọdún 2023, lítà kan jẹ́ nǹkan bíi 185 náírà l'Ékòó, àádọ́rin lítà ò sì tó 13,000. Nígbà tó fi máa di oṣù Ọ̀wàrà 2024, lítà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 1,000, ojò kan náà ti súnmọ́ 70,000 náírà. Iye tí òfin ní kí owó oṣù òṣìṣẹ́ má relẹ̀ jù nìyẹn, bí Ààrẹ ṣe buwọ́ lù ú nínú oṣù Agẹmọ ọdún yẹn. Epo rọlẹ̀ díẹ̀ lọ́dún 2025, síbẹ̀ mo mọ jíìpù bíi mélòó kan ládùúgbò wa tí wọ́n ń fọ̀ ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé tí wọn kì í kúrò lójú kan. Olówó wọn ń bá dánfó lọ Òṣòdì.

Ìjókòó méje sì wà nínú Highlander yẹn. Ìdílé wa jẹ́ márùn-ún, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí gbọ́ nípa méjì tó kù kí n tó dúnàá-dúrà tán. Àǹtí kan pè láti Ìjẹ̀bú-Òde pé òkú ń bẹ ní Sátidé, ṣé a lè kọjá gbé òun àti ìlù. Oníṣu tó ń ta iṣu fún ìyàwó mi láti ọdún yìí wá ti bi í pé, "Mummy, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ ra jíìpù?" Iṣu ti gbówó lórí lọ́jọ́ kejì.

Ní ti Highlander yẹn, mi ò rà á. Ìka kan yẹn wọ́n jù fún mi, mo sì mọ ẹni tí iṣẹ́ náà kàn. Ìwé òfin ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, ka títì àdúgbò mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Lọ́dún 2003, wọ́n pín Òṣòdì-Ìsọlọ̀ sí mẹ́ta kí ìjọba lè súnmọ́ wa: Òṣòdì-Ìsọlọ̀ fúnra rẹ̀, Ìsọlọ̀, àti Èjìgbò. Alága di mẹ́ta, ọ́fíìsì di mẹ́ta. Kòtò nìkan ni kò rí ẹni pín in. Lọ́jọ́ 11 oṣù Agẹmọ ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Ọdún kan àti ọjọ́ kan lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ 12 oṣù Agẹmọ 2025, a tún dìbò yan àwọn alága.

Ẹ̀yin alága wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. A ò ní kẹ́ ẹ ṣe ti ìjọba àpapọ̀ fún wọn, ẹ fi márosẹ̀ sílẹ̀ fún Àbújá. Títì inú tó wà lẹ́yìn ọjà, èyí tí wọ́n fi ẹ̀ka igi sí láàárín, tiyín ni. Ẹ gbé Corolla kan gba ibẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì lọ́sẹ̀ kan péré, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ wà á, kẹ́ ẹ sì bá wa dí i kí òjò míì tó dé.