Fíríìjì Ìyá Ìbejì

Ẹ sún mọ́bí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Gbogbo wa la gbóòórùn tó ń ti pálọ̀ Ìyá Ìbejì jáde, à kàn ń díbọ́n ni. Ta ló fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́? Obìnrin tó ń bá gbogbo wa gbé ọmọ!

Ìyá ọkọ ẹ̀ ló kó irú wooro wá láti Ìṣẹ́yìn. Ẹ mọ màmá yẹn ṣá? Òun náà ló sanwó ìjókòó fún àgbò nínú ọkọ̀ nígbà Iléyá, tó ní òun ò ní ti ẹran òun sẹ́yìn ọkọ̀ kó máa ronú. Èrò kan ní kí àgbò dìde fóun, màmá ní ṣé ó bá wọn dá owó ọkọ̀ ni? Kí ni mo tiẹ̀ ń sọ? Irú.

Inú ọ̀rá lásán ni Ìyá Ìbejì so ó sí, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògì. Bí wọ́n ṣe mú iná lọ nìyẹn. Fíríìjì tí ò níná, bí ẹnikẹ́ni ò bá ṣí i, bíi wákàtí 4 péré ló lè fi pa oúnjẹ mọ́. Ṣé àwọn ìbejì yẹn ló máa jẹ́ kó wà ní títì? Táyé ṣí i, Kẹ́hìndé náà ṣí i kó lè mọ ohun tí Táyé mú. Kí iná tó dé, ẹ̀jẹ̀ ẹran ti ṣàn, òórùn irú ti wọnú omi mímu.

Ẹ bi mí pé kí ni Ìyá Ìbejì fi wò ó. Káńfọ̀! Káńfọ̀ tí à ń kó sáàárín aṣọ òkè! Májèlé mà nìyẹn, kì í bá oúnjẹ gbé. Bàbá Ìbejì gbé omi sẹ́nu, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́, ó ní, "Àpótí aṣọ ta lo ti bu omi yìí?"

Ìyá Alákàrà ló gbà wá. Ẹ sáà mọ imú ìyá yẹn. Bí dòdò bá ń jó lójúlé kẹta, òun ló ń kígbe kí onídòdò tó mọ̀. Ó yọ iná, ó kó gbogbo ẹrù síta, ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti sódà àwọn oníkéèkì nù ún. Sódà o, kì í ṣe kán-ún! Ó fi aṣọ họ àárín rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, níbi tí omi ẹ̀fọ́ gan pa sí. Síbẹ̀, imú ẹ̀ ò gbà. Ló bá ní ká fa fíríìjì síwájú. Abọ́ pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀, ibẹ̀ ni omi yìnyín tó bá yọ́ ń ṣàn sí. Ohun tá a bá níbẹ̀... rárá, ẹ ṣì máa jẹun alẹ́.

A fọ̀ ọ́, a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kó gbẹ. Ìyá Alákàrà bu èédú sínú abọ́, ó gbé e sí kọ̀rọ̀, torí èédú máa ń fa òórùn mọ́ra. Ó bu sódà sínú òmíràn láìdé e, ó ní bó bá di oṣù 3, ká pààrọ̀ ẹ̀. Irú ti wà nínú ìgò onídèérí báyìí, màmá Ìṣẹ́yìn sì ti ránṣẹ́ pé òun ń kó òmíràn bọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ìgbà wo lẹ wo abọ́ ẹ̀yìn fíríìjì tiyín gbẹ̀yìn? Ẹ dìde, ẹ lọ wò ó.