Bàbá Ìsàlẹ̀ Bàálù Páànù

Kò sí àdúgbò tí Bàbá Ìsàlẹ̀ yìí kò sí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ti Alápẹ̀rẹ̀ ní Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Bí ọmọ wẹ́dà kan bá kó páànù jọ, tó ki ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ bọ̀ ọ́ nímú, tó kùn ún bíi bàálù ogun àgbáyé kejì, tó sì ya eyín gàdàgbà sí i lẹ́nu, kí ọ̀dà tó gbẹ, Bàbá Ìsàlẹ̀ ti dé, tòun ti onífótò. Yóò ká agbádá lé èjìká, yóò fún ara rẹ̀ mọ́ ibi ìjókòó awakọ̀, yóò na àtàǹpàkò sókè. “Ọpọlọ dúdú rèé o! Kí òyìnbó wá wò ó!” Yóò ṣèlérí sikọ́láṣípù, yóò ní òun á mú ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ Gómìnà. Ohun tí kò ní bèèrè ni bí bàálù náà ṣe wúwo tó, agbára tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, àti ibi tó fẹ́ gbà gbéra. Ẹni tó lọ ọjà Mile 12 kì í sanwó apẹ̀rẹ̀ tòmátì láìtú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Ọ̀wọ̀ tí a ń fún tòmátì, Bàbá Ìsàlẹ̀ kò fún iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ohun tí mo ń sọ ni pé ìyìn tí kò yẹ nǹkan wò, àbùkù ni. Ẹni tó bá gbà lóòótọ́ pé ọmọ náà lè ṣe bàálù yóò bi í ní ìbéèrè tí a ń bi ẹni tó ń ṣe bàálù. Ní England, John Isaacs, tó ti bá ilé-iṣẹ́ Supermarine tó ṣe bàálù ogun Spitfire ṣiṣẹ́ rí, fi pákó kan ọ̀kan fúnra rẹ̀, ní ìwọ̀n ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ti gidi. Ẹ́ńjìnnì Spitfire ojú ogun ju họ́ọ̀sìpáwà 1,000 lọ; 100 ni tirẹ̀. Ó dín gígùn kù, ó dín agbára kù, ṣùgbọ́n kò dín ìṣirò kù, ó sì fò ní 1975. Kékeré kọ́ ni àléébù. Ní oṣù karùn-ún 1969, àwọn bàálù kékeré MFI-9B tí Carl Gustaf von Rosen, ará Sweden, kó wá fún Biafra, tí ẹ́ńjìnnì tiwọn náà kò ju họ́ọ̀sìpáwà 100, ju rọ́kẹ́ẹ̀tì sí pápákọ̀ òfurufú Port Harcourt. Kò sẹ́ni tó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn kan á ní kí n má bomi tutù sí ọmọ náà lọ́kàn, pé ṣebí oníkẹ̀kẹ́ ni Wright àti àbúrò rẹ̀. Bàbá Ìsàlẹ̀ fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an, àmọ́ ibi kẹ̀kẹ́ ló máa ń já a sí. Ní 1901, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà kan àpótí tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, wọ́n fi dán nǹkan bí oríṣi apá 200 wò, kí wọ́n tó gbéra ní December 1903. Mubarak Muhammad Abdullahi ní Kano, tó fi ẹ́ńjìnnì Honda Civic ṣe hẹlikópítà ní 2007, gbé tirẹ̀ kúrò nílẹ̀ ní tòótọ́, bí ẹsẹ̀ bàtà 7. Àriwo tó bá a rìn ló ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè tó kàn ni ohun tó dí i lọ́wọ́ láti dé ẹsẹ̀ bàtà 70, àtẹ́wọ́ kò sì lè dáhùn ìyẹn.

Ẹlòmíràn á ní òyìnbó ni mò ń fi ṣe òṣùwọ̀n. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Nígbà ogun àgbáyé kejì, owó ni àwọn bàbá wa dá láti ra bàálù ogun. £5,000 ni wọ́n ṣírò Spitfire kan sí, owó Nàìjíríà ló sì jẹ́ kí ikọ̀ 91 ti Royal Air Force máa jẹ́ “Nigeria”. Lẹ́yìn òmìnira, Air Beetle, bàálù tí iléeṣẹ́ ológun òfurufú wa fi kọ́ awakọ̀, ara RV-6A ni wọ́n ti yọ ọ́, bàálù tí ilé-iṣẹ́ Van’s ní Oregon tà nígbà náà ní títú palẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tò ó nílé ara rẹ̀. Kaduna ni wọ́n ti tò ó, ó sì fò. Bàbá Ìsàlẹ̀ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Bó bá sì gbọ́, á ní òyìnbó ló ya àwòrán rẹ̀. Èyí tó jókòó sílẹ̀ ní Alápẹ̀rẹ̀ ló tẹ́ ẹ lọ́rùn: kò nílò nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ 5N, NCAA tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú kò ní wá yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì lè já.

Àtakò kan ṣoṣo ló rẹ́sẹ̀ dúró: pé ère ni, kì í sì í ṣe dandan kí ère fò. Mo gbà. Ní England, Spitfire tí wọn kò ṣe láti fò wà lẹ́nu ọ̀nà bárékè RAF, wọn kò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é ní ère ti di oníbàárà nìyẹn. Kó bèèrè iye tí páànù, ọ̀dà àti iṣẹ́ wẹ́dà jẹ́, kó sì san án kí onífótò tó gbé kámẹ́rà.