Oríkì Ẹ-jọ̀wọ́-ẹ-dúró

Kábíyèsí Awòwé PDF inú bùráúsà, ìkíni rẹ rèé o! Fọ́ọ̀mù físà la ní kó o ṣí fún wa ní kafé. O tẹ́ ewé funfun kan sílẹ̀ gbalaja, o kọ ọ́ sí i lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ká jọ̀wọ́, ká dúró. A dúró. Ọmọ tó ni kafé dúró. Jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, òun náà ń dúró dè ọ́. Ẹni tó kàn lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, a ní kó jọ̀wọ́, kó dúró. A wá fi ọ́ joyè tó bá orí rẹ mu:

Ẹ-jọ̀wọ́-ẹ-dúró, ọkọ Ẹ-ṣì-máa-dúró!
Ẹ-jọ̀wọ́-ẹ-dúró, bàbá Ẹ-padà-wá-lọ́la!
Adánidúró má dáni lóhùn!
Ọlọ́pàá dá ni dúró, ó sọ iye tó ń gbà;
Ìwọ dá ni dúró, o ò gbowó, o ò sì yàgò.

Ká má parọ́ mọ́ ọba, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe tìrẹ. Inú fáìlì ló wà látilẹ̀. XFA ni wọ́n ń pe irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, Adobe Reader orí kọ̀ǹpútà ló mọ̀ ọ́n ṣí. Firefox kọ́ ọ ní 2021, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ ò tíì kọ́ ọ. Nígbà tó o sì rí i pé o ò lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀, ewé ìdádúró tí wọ́n fi síwájú lo gbé jáde. A-jíṣẹ́-tí-kò-yé-e! Àìmọ̀ kọ́ la bú ọ sí. Ká ní o sọ pé “mi ò lè ṣí èyí” ni, à bá ti gba ọ̀nà ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ọba kì í sọ pé òun ò mọ̀. Ẹ-jọ̀wọ́-ẹ-dúró ni yóò wí, yóò sì fọwọ́ lẹ́rán.

Oyè kejì ń bọ̀: Aláàpótí òfìfo! Adéṣọlá wọlé tọ̀ ọ́, Adé□□lá ló jáde. O ò fọwọ́ kan é àti á, nítorí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀ntì Òyìnbó ló ní wọn. Lẹ́tà tó bá ní àmì nísàlẹ̀ lò ń kàn ní pósí. Adobe gbé PDF jáde ní 1993 kí ìwé lè rí bákan náà níbi gbogbo, àmọ́ ó dìgbà tí ẹni tó ṣe ìwé bá di fọ́ọ̀ntì mọ́ inú fáìlì. Bí kò bá dì í mọ́ ọn, ìwọ lo máa wá òmíràn fi dípò, tí èyí tó o rí ò bá sì ní lẹ́tà wa, àpótí dé!

Aláàpótí tí kì í kó ẹrù,
Aláàpótí tí kì í sin òkú,
Gbẹ́nàgbẹ́nà orí íńtánẹ́ẹ̀tì,
Tó kan àpótí láìmọye, tí ẹnikẹ́ni ò rí jókòó!



Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ ná. Ìlànà PDF 2.0, tó jáde ní 2017, ti pa XFA tì. Síbẹ̀ àwọn ọ́fíìsì kan tó ń gbowó lọ́wọ́ aráàlú ṣì ń gbé e síta. Ẹni tí gbèdéke fọ́ọ̀mù rẹ̀ pé lónìí ń wo ewé funfun, ó rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ó ń ra dátà lé dátà. Ìwà ìkà ni.

Ó dáa, Kábíyèsí, ètùtù rẹ ò le. A ó dáńlóòdù fáìlì náà, a ó fi Adobe Reader orí kọ̀ǹpútà ṣí i. Ní Chrome, a ó wá PDF documents lábẹ́ Site settings, a ó ní kó máa dáńlóòdù wọn. Ní Firefox, abẹ́ Applications ni PDF wà, Save File la ó yàn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé Yorùbá ránṣẹ́, kó kọ́kọ́ wo Fonts nínú Properties ní Adobe Reader: níbi tí “Embedded” bá wà, Aláàpótí ò rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀.

Kádé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀ o, Ẹ-jọ̀wọ́-ẹ-dúró! Jọba lọ. Fọ́ọ̀mù wa ti kúrò nílùú rẹ.