Ọ̀gá Mo-Léèyàn-Níbẹ̀

Láti Ìkòròdú dé Ajah, láti Mowe dé Àkóbọ̀ n'Ìbàdàn, kò sí àdúgbò tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀ tí ẹ kò ní bá a. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, owó díẹ̀ ti wọlé, ilé àyágbé ti sú u, ìyàwó rẹ̀ ò sì yé sọ̀rọ̀ nípa ilé tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí. Ó fẹ́ ra plọ́ọ̀tì kan. Bí ẹ bá bi í pé, "Ta ni lọ́yà yín nínú ọ̀rọ̀ yìí?" á rẹ́rìn-ín, á ká agbádá sí èjìká, á ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mo léèyàn níbẹ̀."

Èèyàn ọ̀hún kò lójú kan. Lónìí, ó lè jẹ́ dírẹ́bà ọ̀gá kan ní Alausa, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba Èkó wà. Lọ́la, ó lè jẹ́ aládùúgbò tó ti bá ẹnì kan ra ilẹ̀ rí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹjẹ́ńtì tó ń ta ilẹ̀ náà gan-an ni. Ẹni tó máa gba kọmíṣọ̀n bí ilẹ̀ bá tà, tí kò ní gba kọ́bọ̀ bí kò bá tà, òun ni Ọ̀gá ń bi pé, "Ṣé kò sí wàhálà lórí ilẹ̀ yìí?" Ẹjẹ́ńtì á fọwọ́ kan ilẹ̀: "Dádì, ṣé èmi lè ṣe yín bẹ́ẹ̀ ni?" Ìwádìí parí.

Àwọn kan ń pè é ní ahun. Wọ́n purọ́ mọ́ ọn. Kó tó to búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì, ó ti ra ṣínáápù, ó ti ra obì àti ewúrẹ́, ó ti san owó àgbà àti owó ọ̀dọ́, ó ti san owó ìpìlẹ̀. Owó dẹ́kìn ń bọ̀ lẹ́yìn. Owó òrùlé ń dúró dè é. Ẹ̀rín ló fi ń san gbogbo rẹ̀, torí pé bí àwọn ọmọ onílẹ̀ bá gbà á tán, wọ́n á kígbe "Bàbá!" Àmọ́ kí lọ́yà sọ pé ìdá 5 nínú 100 owó ilẹ̀ lòun máa gbà, bó ṣe wọ́pọ̀ l'Ékòó, ojú Ọ̀gá á ranko. "Nítorí bébà? Ṣé wúrà ni yíǹkì yín ni?"

Kò kúkú ṣàì mọ lọ́yà. Ọkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni lọ́yà, aago mẹ́wàá alẹ́ ló sì máa ń pè é. "Lọ́yà wa àtàtà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni." Ọ̀rọ̀ kékeré á di wákàtí kan. Á ka àgírímẹ́ǹtì sórí fóònù láti òkè délẹ̀, títí kan ohun tó wà lára òǹtẹ̀. Bí àna rẹ̀ bá ní kó fi sọ́fè ránṣẹ́ kóun bá a gbé e lọ wò, á ní kó má ṣèyọnu, ọkàn òun ti balẹ̀. Á wá fi àdúrà sanwó: "Ẹ ó rówó ṣe, ẹ ó pẹ́ fún wa." Àdúrà dára. Ilé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ni kì í gbà á gẹ́gẹ́ bí owó ìwádìí.

Kí ni àna náà ìbá sì wò, ká ní wọ́n gbà fún un? Á kọ́kọ́ béèrè ibi tí ilẹ̀ wà. Ó dà bí ìbéèrè ọmọdé, àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹni tó ra ilẹ̀ ní Mowe tàbí Ibafo á máa sọ fáráyé pé Èkó lòun ń gbé, bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Òkè-Mosàn l'Abẹ́òkúta ni ìwé rẹ̀ wà. Èèyàn tí Ọ̀gá ní l'Alausa, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀gá àgbà pátápátá, kò ní rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ìdí rèé tí lọ́yà tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò ilẹ̀ náà, tó mọ ọ́fíìsì tó yẹ kó wọ̀, tó sì mọ àwọn ìdílé tó ń bára wọn ṣẹjọ́ níbẹ̀, fi wúlò ju gbajúmọ̀ lọ́yà tó ń gbé ìlú mìíràn.

Á wá yẹ sọ́fè wò. Àwọn òpó kúkúrú tí awọnlẹ̀ rì sí igun ilẹ̀ ní nọ́ńbà. Tí wọ́n bá fi sọ́fè wé máàpù ìjọba, á hàn bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ ọ̀hún fún iṣẹ́ kan tẹ́lẹ̀, tàbí bóyá ó ti dá a padà fún àwọn onílẹ̀ tó sì ti wọ gásẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún títì kò mọ̀ pé ẹnì kan ra ṣínáápù.

Ìdílé ńkọ́? Ilé ẹjọ́ ti la ọ̀rọ̀ yẹn láti ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika. Bí mọ̀lẹ́bí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò ríbi dúró rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìjẹ́ káwọn àgbà ẹ̀ka ìdílé gbọ́, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n tú u ká. Ohun tí Ọ̀gá rí ní tirẹ̀ ni bàbá arúgbó kan lórí àga, abetí-ajá lórí, àwọn ọ̀dọ́ ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó tó. Kò béèrè iye ẹ̀ka tó wà nínú ìdílé náà. Orúkọ bàbá pàápàá, kò béèrè.

Ó tún ku ti gómìnà. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà rẹ̀, ẹni tó bá sì ní C of O, ìwé ẹ̀tọ́ lílo ilẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ta ilẹ̀ náà tàbí kó fi í yáwó láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà. Ní 1989, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ kan tó yẹ kí Ọ̀gá gbọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ajilo ti fi dúkìá dúró fún owó tí ilé iṣẹ́ kan yá ní Savannah Bank. Nígbà tí báńkì fẹ́ ta dúkìá náà, òun fúnra rẹ̀ ló gbé báńkì lọ sílé ẹjọ́ pé ìwé ìdúró ọ̀hún kò bófin mu, torí pé wọn kò gba ìyọ̀ǹda gómìnà. Ó jàre. Báńkì tó lówó, tó ní lọ́yà, ló fara gbá bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá gbà pé tòun á yàtọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ ni àgírímẹ́ǹtì rẹ̀ ti jáde. Ọmọ tó tẹ̀ ẹ́ ní àpẹẹrẹ kan tó ń lò fún gbogbo ayé, orúkọ nìkan ló ń pààrọ̀. Lójú ìwé kẹta, orúkọ ẹlòmíì tó ra ilẹ̀ n'Íjẹ̀bú ṣì wà níbẹ̀ digbí. Abala 22 nínú òfin àwọn lọ́yà sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà gbowó kọ ìwé ilẹ̀, àmọ́ ta ló fẹ́ fìyẹn dààmú ọmọ kọ̀ǹpútà? Ká má parọ́, rìsíìtì kì í ṣòfo pátápátá: ilé ẹjọ́ máa ń ro ti ẹni tó sanwó tí wọ́n sì mú wọ orí ilẹ̀. Àmọ́ bí ẹni tó tà á kò bá ni ín, kí ló fẹ́ fi lé oníbàárà lọ́wọ́?

Àbúrò rẹ̀ wà ní Peckham, ní London, ìwà kan náà ni, ojú ọjọ́ ló yàtọ̀. Nígbà tó ń ra ilé níbẹ̀, lọ́yà bá a wádìí títí dórí ibi tí omi ìdọ̀tí ń gbà jáde, ó sì san owó rẹ̀ láìjanpata. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi owó ilẹ̀ Ìbàdàn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n nílé. Fọ́tò koríko ló gbà padà.

Bí Ọ̀gá ṣe ń ra ilẹ̀ náà ló ń ṣòwò. Òun àti àna rẹ̀ mìíràn dá owó pọ̀ láti máa ta sìmẹ́ǹtì, ọbẹ̀ ẹja tútù ni wọ́n fi ṣàdéhùn. Orúkọ àna yìí nìkan ló wà lórí ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, orúkọ òwò lásán ni, kì í ṣe kọ́ńpìnnì, gbèsè ṣọ́ọ̀bù sì ń wọlé bá wọn dé yàrá. Láti 2020 ni òfin ti gba ẹnì kan ṣoṣo láàyè láti dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Lọ́yà ìbá ti sọ fún un.

Ìwà yìí kì í ṣe tàwọn baba wa. Láti 1888 ni Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ti ń ṣe iṣẹ́ lọ́yà l'Ékòó. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní 1920, ó bá Herbert Macaulay wọkọ̀ ojú omi lọ sí London. Ní 1921, àwọn adájọ́ ibẹ̀ ní kí ìjọba san owó ilẹ̀ fún wọn bí onílẹ̀ gidi. Wọn ò ní èèyàn kankan níbẹ̀. Lọ́yà ni wọ́n ní.

Kí n sì sọ tàwọn lọ́yà, torí wọn kì í ṣe áńgẹ́lì. Àwọn kan wà tí onílẹ̀ mú wá, tí wọ́n ń ṣe lọ́yà olùtà àti olùrà pa pọ̀, tí wọ́n á sì gbowó lápá méjèèjì. Irú wọn ni Ọ̀gá máa ń tọ́ka sí bó bá fẹ́ fi hàn pé òpùrọ́ ni lọ́yà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò fẹ́ ẹni tó máa béèrè ìbéèrè, torí pé ìbéèrè lè ba ayọ̀ ilẹ̀ tuntun jẹ́. Gbogbo ẹni tó ń bá a yọ̀ ló ń sanwó fún.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri rẹ̀, tàbí tí ìdílé kejì dé pẹ̀lú tọ́ọ̀gì, ló máa wá lọ́yà, SAN, àgbà lọ́yà, ló sì máa béèrè fún. Á ké sí òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2016, tó sọ pé ẹni tó bá fipá gba ilẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10. Òfin náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í sọ ìwé burúkú di rere. Ẹjọ́ tó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tó sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Abuja lè ju ọdún 10 lọ, owó lọ́yà rẹ̀ á sì ju ìdá 5 tó kọ́kọ́ sá fún lọ dáadáa.

Ọ̀gá ti ń wo plọ́ọ̀tì mìíràn báyìí, níhà Ẹ̀pẹ́. Bó bá pè yín pé kẹ́ ẹ wá fọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ẹ gba nọ́ńbà sọ́fè lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ọkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kẹ́ ẹ sì jọ̀wọ́ sanwó fún ọmọ ọlọ́mọ.