Ṣadé Méjì, Gbèsè Kan

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà Abẹ́òkúta o. Ẹ kí wọn kú iṣẹ́, ẹ kí wọn kú ẹnu. Ọmọ tí kò tíì jẹ láfún àárọ̀ dá nínú ni yóò dé ọjà Ìtòkú, tí yóò na fóònù sí ìyá aláṣọ: "Ìyá mi, ẹ sọ ìwé gbèsè yẹn nù, áàpù ti dé." Ìyá wo fóònù, ó wo ọmọ, ó sì rọra ti ìwé gbèsè rẹ̀ bọ abẹ́ ìdí. Ìyá mi, ẹ ṣeun. Ẹ má ṣí ìdí kúrò níbẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú áàpù ọ̀hún? Dátábéèsì kékeré kan ló ń gbé inú rẹ̀. Kò ní sáfà, kò sì béèrè íntánẹ́ẹ̀tì: o fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó kó ohun tó wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ náà fún ọ, ó tán. Irú rẹ̀ ni LevelDB tí Google gbé jáde ní 2011. Ṣùgbọ́n kí ó mú orúkọ oníbàárà níhìn-ín, kí ó mú gbèsè lọ́hùn-ún, kí ó so wọ́n pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní join, LevelDB kò mọ̀ ọ́n. Berkeley DB tó dàgbà jù ú lọ ní tirẹ̀ nílé. Ìwọ tí o mú LevelDB, ọwọ́ ara rẹ lo máa fi kọ join. O sì kọ ọ́. Mo kí ọ. O dán an wò ńkọ́?

"Mo ti kọ unit test ẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Àwọn wo lo fi dán an wò?

"John àti Mary."

Ní Ìtòkú! John wo ló ń gba àdìrẹ ẹlẹ́kọ láwìn ní Ìtòkú? Mary wo ló ń ní òun yóò san án bí àjọ bá kan òun? John ra aṣọ kan, Mary ra aṣọ kan, kálukú jẹ gbèsè kan. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ ń bẹ lọ́run, bóyá.

Oníbàárà tiwa mú ẹlẹ́kọ lọ́jọ́ Ajé, ó padà wá mú kàmpálà lọ́jọ́bọ̀. Orúkọ rẹ̀ lo fi ṣe kọ́kọ́rọ́ gbèsè, nítorí náà gbèsè kejì ká gbèsè àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, ó pa á rẹ́. Àwọn onígbèsè ti ń gbàdúrà kí irú áàpù yìí dé láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹni tí kò jẹ gbèsè rárá ńkọ́? Gbèsè tí a ti pa orúkọ ẹni tó jẹ ẹ́ rẹ́ ńkọ́? O ò dán ìkankan wò.

Ibi tí mo ti rẹ́rìn-ín dókè nìyí. Fóònù kan kọ Ṣ ní odidi, èkejì kọ S kó tó wá fi àmì sí i nídìí. Lójú ìyá aláṣọ, Ṣadé kan náà ni. Nínú dátábéèsì, E1 B9 A2 ni ti àkọ́kọ́, 53 CC A3 ni ti èkejì. Báìtì mẹ́ta mẹ́ta, kò sí ọ̀kan tó bá èkejì mu. LevelDB kò mọ Ṣadé rí, báìtì ló mọ̀. O fi Ṣadé kan forúkọ oníbàárà sílẹ̀, o fi Ṣadé kejì kọ gbèsè, join wá ní kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, níbi tí àwọn Ṣó- ti kún agboolé! Bí Ṣódẹkẹ́ tó ṣáájú wa dé abẹ́ Olúmọ ní 1830 bá bọ́ sínú áàpù rẹ, kò ní í rí ara rẹ̀.

Sọ orúkọ gbogbo di NFC, ìyẹn ìlànà tó ń sọ S àti àmì ìdí rẹ̀ di Ṣ odidi kan, kí o tó kọ wọ́n sílẹ̀. Tàbí kí o fi nọ́ńbà ṣe kọ́kọ́rọ́, kí o sì fi òdo ṣíwájú rẹ̀, nítorí bí o bá kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, "10" ni yóò ṣáájú "9".

"Ṣùgbọ́n ó yege lánàá, ẹ̀gbọ́n." Ó máa yege! Fáìlì ìjẹta ṣì wà nínú fódà, gbèsè ìjẹta ni join rẹ ń kà. Ṣí dátábéèsì tuntun fún ìdánwò kọ̀ọ̀kan nínú fódà onígbà díẹ̀, kí o pa á rẹ́ bó bá parí. Kò sí sáfà tí o fẹ́ tan, kí ló ń rẹ̀ ọ́?

Àwọn tó ṣe SQLite, dátábéèsì inú fóònù tí o ń nà kiri yẹn, kọ ọ́ ní 2023 pé kóòdù ìdánwò àwọn jẹ́ ìlọ́po 590 kóòdù dátábéèsì fúnra rẹ̀. Ìwọ kọ ìdánwò kan, o fi John àti Mary sí i, o lọ ya fọ́tò.

Ẹ̀yin ìyá wa ní Ìtòkú, bí ọmọ kan bá gbé áàpù gbèsè wá, ẹ ní kó wá Ṣadé méjèèjì fún yín kí ẹ tó gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Bí kò bá rí wọn, ẹ má ta aṣọ fún un láwìn.