Ọ̀gbẹ́ni Ó-ti-yé-mi

Kò sí àdúgbò tí ẹ kò ní bá a ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí oòrùn bá ti lè yọ díẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ó rí i níwájú ilé ọtí abúlé, tó fara ti MGB rẹ̀, tó dé fìlà pẹlẹbẹ. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká ni. Ìlú Abingdon ni wọ́n ti ṣe é, láti 1962 títí di 1980, ẹ kò sì ní bá a dúró pẹ́ kó tó rò ó fún yín.

Ẹ ṣáà má béèrè àlàáfíà ọkọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló le. Bó bá gun bọ́ǹpù, gbì! ìdí ọkọ̀ á tọ sókè, ìyàwó rẹ̀ á di ilẹ̀kùn mú. Àmọ́ Ọ̀gbẹ́ni ti mọ ohun tó ń ṣe é. Kò tíì wo abẹ́ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó ti yé e.

Lákọ̀ọ́kọ́, ṣọ́ọ̀kì ni. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn MGB kò rí gbọọrọ bíi ti ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí. Àpótí irin kékeré tó kún fún ọ́ìlì ni, apá kan yọ lára rẹ̀, ọ̀pá sì so apá náà mọ́ ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ ásù. Ẹni tó bá fura sí i, kó tú ọ̀pá yẹn, kó fi ọwọ́ gbé apá náà lọ sókè, kó tẹ̀ ẹ́ wá sílẹ̀. Bó bá ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí kò há níbì kankan, ọ̀ràn kò sí lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn ní láti dọ̀bálẹ̀ kó tó lè ṣe èyí, ọ̀gá wa kì í sì í dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ̀. Ó ra ṣọ́ọ̀kì gbọọrọ, irú èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn tó fẹ́ràn eré sísá. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tún wá le ju ti àná lọ.

Ó tún yé e: sípíríǹgì ni! Ká sòótọ́, ó jàre díẹ̀ níbí. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra ni, bí ìpẹtà bá sì wọ àárín wọn, wọn kò ní lè yọ̀ lórí ara wọn mọ́, wọ́n á gan. Àmọ́ sípíríǹgì tó ti rẹ̀ náà ń dún gbì. Tó bá ti wálẹ̀ jù, ó ku díẹ̀ kí ásù kan rọ́bà tó wà lókè rẹ̀. Kòtò kékeré báyìí, ó ti gbá a. Àárẹ̀ ló ń ṣe sípíríǹgì, ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ á ní ó le. Ká wọn àlàfo yẹn ká tó náwó, èmi ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló bi mí?

Ó ra tuntun, òun fúnra rẹ̀ ló sì dè é. Ọkọ̀ wà lórí jáàkì, táyà ń rọ̀ dirodiro, ni ó bá fi sípánà de nọ́ọ̀tì búùṣì, rọ́bà tó wà ní etí sípíríǹgì, pinpin. Rọ́bà búùṣì ti gba ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjókòó rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ọkọ̀ balẹ̀, rọ́bà lọ́, ó ń bá sípíríǹgì jà, yóò máa bá a jà títí yóò fi ya. Ilẹ̀ ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà, kó fi gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ tẹ táyà, kí èèyàn tó dè é parí.

"Ṣé o ti wo afẹ́fẹ́ táyà?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

Ó rẹ́rìn-ín. Afẹ́fẹ́ kẹ̀! Ohun tí wọn kì í fi gbogbo ara gbowó lé? Obìnrin náà mú gáàjì. 36 ló kà, bí Ọ̀gbẹ́ni ṣe ń fún ọkọ̀ rẹ̀ kejì, ti òde òní. 24 ni ẹ̀yìn MGB ń fẹ́. Wọ́n tú u sílẹ̀, ìdajì ariwo lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé Triumph Spitfire dé, ó ní ẹ̀yìn rẹ̀ ń gan.

"Sípíríǹgì ni," Ọ̀gbẹ́ni wí, láìbẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ṣí búùtù, ó wọ́ méjèèjì àtijọ́ tirẹ̀ jáde, ó ní òun á fi wọ́n sílẹ̀ lówó pọ́ọ́kú.

Ọmọ náà wò wọ́n, ó yí wọn po. "Ẹyọ kan ló wà lẹ́yìn tèmi, sà. Ó dábùú láti táyà dé táyà."

"Ìyẹn gan-an ló fà á," ni Ọ̀gbẹ́ni dáhùn. "Wọ́n ti jí ìkejì."