Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde, Singapore La Ti Ń Kó Ìṣirò Wálé

Àwọn àgbà tó ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ̀ṣọ́ ilé yóò máa gba èbúté Apápá wọlé, tí kọ́sítọ́ọ̀mù yóò sì gbowó lórí ẹ̀.

Ẹ wo bàbá kan ní Bẹyẹrúnkà, n'Ìbàdàn. (Mi ò ní dárúkọ. Irú rẹ̀ pọ̀ láti Bẹẹrẹ dé Màpó, kálukú yóò sì rò pé aládùúgbò òun ni mò ń bá wí.) Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò nílé ìwé, ó ní ilé lòun ó ti máa kọ́ wọn. Kò burú. Ilé ìwé tí owó rẹ̀ ń lé sí i ní sáà-sáà, tí ọmọ sì ń fi táímù-tébù kọrin láìmọ ohun tó ń wí, ó tó sá fún. Àmọ́ sáà kan ti lọ, èkejì ti fẹ́ẹ̀ parí, kò sẹ́ni tó tíì kọ́ wọn ní ìṣirò kan ṣoṣo. Wọ́n ṣì ń yan kàríkúlọ́ọ̀mù.

Saxon ni wọ́n kọ́kọ́ rà, ìwé John Saxon, ọ̀gá ológun òfurufú tó fẹ̀yìn tì tó wá ṣe tíṣà ní Oklahoma. Ìyá àwọn ọmọ ní àṣetúnṣe inú ẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó di ti Singapore. Ìyẹn ní kí ọmọ kọ́kọ́ fọwọ́ kan nǹkan, kó wo àwòrán rẹ̀, kó tó wá kan nọ́ńbà. Ó dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ra ohun tí ọmọ yóò fọwọ́ kàn: ike kéékèèké aláràbarà, páálí kan gbáko. Ọpọ́n ayò bàbá àgbà wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ihò 12, ọmọ ayò 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Orí ẹ̀ ni wọ́n gbé páálí náà lé.

Ó wá ku Kumon. Ibí gan-an lọ̀rọ̀ ti dùn. Tíṣà ìṣirò ni Toru Kumon ní Japan. Ní 1954, ìṣirò ń da Takeshi ọmọ rẹ̀ láàmú. Bàbá yìí ò pàṣẹ ohunkóhun láti òkè òkun. Ó jókòó, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìbéèrè sórí pépà lójoojúmọ́, ọmọ ń ṣe é. Pépà tí wọ́n ń ṣe nínú ilé kan ló di ohun tí ayé ń sanwó fún. Ará Japan ló gba òwe wa gbọ́: ilé ló ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwa ni òde náà.

Kì í ṣe pé a ò gbìyànjú nílé o. Láti 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Mọ́dákẹ́kẹ́ ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò pẹ̀lú, yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, fún ọdún mẹ́fà. Wọn ò kẹ́yìn. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ìjọba àpapọ̀ rò ó, ó tún un rò, ó di 2022 kó tó pàṣẹ pé kí èdè abínibí gba ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n wọ́gi lé e. Bí Àbújá ò bá tíì yan tirẹ̀ tán, kí la fẹ́ bá ará Bẹyẹrúnkà wí?

Ìyá bàbá Bẹyẹrúnkà yìí ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba. Lọ́jọ́ kan tí tọkọtaya ń wo fídíò lórí bí a ti ń yan kàríkúlọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí ọmọbìnrin wọn lọ jókòó sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, kó má dí wọn lọ́wọ́. Oníbàárà kan dé, ó ra kóńgò mẹ́ta, ₦1,700 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ń wá fóònù tí yóò fi ṣírò. Ìyá Àgbà ò gbójú sókè nídìí èlùbọ́ tó ń wọ̀n.

"Ọgọ́rùn-ún ló kù kó pé ẹgbẹ̀sán-án. Ẹgbẹ̀sán-án mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé irinwó. Yọ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, kí ló kù?"

"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé ọgọ́rùn-ún."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ni wọ́n mú wá. Fún wọn ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, kó o sì bu èènì sí i."

Títí ọjà fi tú, ọmọ náà ló ń gbowó, òun ló ń fún wọn ní ṣéńjì. Ó sáré délé, ó ní, "Dádì, Ìyá Àgbà kọ́ mi ní ìṣirò lónìí!"

Bàbá rẹ̀ dá fídíò dúró. "Ẹn-ẹ́n? Kàríkúlọ́ọ̀mù wo ni Màmá ń lò?"